Ọdún tí Omi Ń Kan Nínú Ilé Wa

Bí mo bá fẹ́ rántí ọdún yẹn, etí ni mo kọ́kọ́ máa ń fi rántí rẹ̀. Ilé wa ní Ọ̀rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀. Ìró ọkọ̀ ló ń jí wa, òun náà ló ń sìn wá lọ sùn. Bí ọkọ̀ agbégẹdú bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Òdìgbó, tó sì tẹ bíréèkì, àwọn abọ́ tánganran màmá mi á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ. Lẹ́hìnkùlé, ràì-ràì pákí tí wọ́n ń rin ni, tàbí kí iná máa ta pàrà lábẹ́ àjà tí Màmá Àgbà ń yan púpurú, ìṣù pákí kíkan, sí. Ìyá bàbá mi ni Màmá Àgbà. Aṣọ funfun ìjọ aládùúrà kì í wọ́n lára rẹ̀, ó sì ní agogo kékeré kan tó fi ń pè wá sí àdúrà àárọ̀. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, òun náà ló fi ń bá wa wí. "Ọma mi" ló ń pè mí, kì í pè mí ní ọmọ. Gbogbo ìró wọ̀nyí, kò sí ilé tí kò ní in ládùúgbò wa. Èyí tó jẹ́ ti ilé wa nìkan ni ti àpótí dígí tó wà ní pálọ̀, tó ń hó kúlúkúlú tọ̀sántòru bí ìkòkò tí kò níná nídìí. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé ẹnìkan tí mo gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi á ti tutù kí ọkàn mi tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Iṣẹ́ ọ̀dà ló mú àpótí náà wọ ayé wa. Àwọn òyìnbó kan wá sí Àgbabù láti wo ọ̀dà inú ilẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dà dúdú tí a fi ń tẹ́ títì, bàbá mi sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò wọn. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n wọn ọ̀dà, wọ́n kọ̀wé, ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀, wọ́n lọ. Ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀, ó ń sun jáde fúnra rẹ̀ nígbà ẹ̀rùn. Olórí àwọn òyìnbó náà gbé ilé kan ní Ọ̀rẹ̀, inú ilé yẹn ló sì kó òkun sí. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n máa bu omi iyọ̀ fún òun láti etíkun Ìlàjẹ nínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì kó àwọn òkúta alààyè àti ẹja wá láti ìlú wọn nínú ọkọ̀ òfuurufú. Bàbá mi ni ó kọ́ ní ìtọ́jú wọn. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba, tí ọṣẹ àti mílíìkì di ohun tí à ń tò sí ìlà fún, wọ́n dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó kù, òyìnbó náà wọkọ̀ lọ, ìjọba sì fi èdìdì di ilé rẹ̀ àti gbogbo ẹrù inú rẹ̀. Ọ̀gá àwọn sójà tó ń dúró ní oríta ọ̀nà márosẹ̀ ló wá gba ilé náà. Mejọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Bí ó bá ń kọjá nínú mọ́tò rẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á bọ́ sílẹ̀, àwọn ìyá tí ń ta oúnjẹ ní gáréèjì á dákẹ́ bí ẹni pé oyin wọ̀ wọ́n lẹ́nu.

Màmá Àgbà ló bẹ̀rù jù nínú wa. Àwọn ará ibòmíràn máa ń fi ìjà Ọ̀rẹ̀, ti ìgbà ogun abẹ́lé, ṣàwàdà. Bí nǹkan bá le, wọ́n á ní ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Màmá Àgbà kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ó wà níbẹ̀. Ó sá wọ inú oko kókó pẹ̀lú bàbá mi, tó ti di ọ̀dọ́kùnrin nígbà náà, ó sì gbọ́ ohun tó gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí mọ́tò Mejọ̀ dúró sí iwájú ilé wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí ọkọ̀ ńlá kan tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó fi púpurú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú eérú, ó fà mí mọ́ra. Àwọn sójà gbé àpótí dígí náà wọlé, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi, wọ́n gbé bàsíà tí a fi aṣọ tútù bò. Mejọ̀ dúró láàrin pálọ̀ wa, kò jókòó. Kò dàgbà tó bàbá mi, ṣùgbọ́n "ìwọ" ló ń pè é.

Ó ní, "Wọ́n ní ìwọ lo mọ̀ ọ́n tọ́jú."

Bàbá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀gá mi kan ní Èkó ni mo fẹ́ fún. Títí mà á fi rí ààyè gbé e lọ, ọwọ́ rẹ ló wà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó wà níbí. N kò sì fẹ́ gbọ́ pé ọ̀kan kú." Ó yíjú sí mi níbi tí mo sá sí lẹ́yìn Màmá Àgbà. "Ọmọ rẹ nìyẹn?"

"Ọmọ mi ni, sà. Tóyìn ni."

"Ó dára," ni Mejọ̀ wí, ó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ "ó dára" yẹn ló dẹ́rù bà wá jù. Màmá mi tún un sọ fún bàbá mi léraléra lọ́jọ́ náà, bí ẹni ń wá ìtumọ̀ àlá: kí ló dára? Kí ló fẹ́ fi ọmọ wa ṣe tó fi dára? Gbogbo wa sì mọ Bàbá Akínwándé, ẹni tó ń ṣọ́ ilé òyìnbó náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni àpótí náà wà nígbà tí Mejọ̀ kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹja díẹ̀ kú, wọ́n mú un lọ síbi tí àwọn sójà pàgọ́ sí, nígbà tó sì padà, ó ní láti máa yí ọrùn sí èèyàn kó tó gbọ́ ohun tí a ń sọ, nítorí etí òsì rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ mọ́. Kò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ó kàn ń kí wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń yí ọrùn.

Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n tètè rí bí nǹkan inú àpótí náà ṣe rẹwà tó. Bàbá mi ló mú mi sún mọ́ ọn. Ó ní àwọn òkúta tí mo ń wò yẹn, iyùn ni wọ́n. Iyùn tí mo mọ̀ ni èyí tí àwọn ọba ń fi sọ́rùn, tí ìyàwó ń fi sọ́wọ́. N kò mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ni, pé ó ń jẹun, pé ó ní ẹnu wẹ́wẹ́ tí kò ṣeé kà. Láàárọ̀, bí ara wọn bá yá, wọ́n á yọ ọwọ́ tíntín jáde bí ìgbà tí òdòdó ń là. Ẹja pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó ní ìlà funfun lára máa ń sùn sínú ohun kan bí irun tí ń mi lẹ̀ǹgẹ̀. Bàbá mi ní ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé nǹkan kan tí ojú kò lè rí: omi náà kò gbọdọ̀ kan. Kì í ṣe kíkan tí ahọ́n lè mọ̀. Bí ó bá fẹ́ wò ó, á bu omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan, á kán oògùn kan sí i, á gbọ̀n ọ́n. Bí omi bá dára, á di àwọ̀ àlùkò. Bí ó bá ti ń kan, á máa pọ́n lọ sí ti ìyeyè. Ó ní omi òkun kì í yí padà láti òwúrọ̀ di alẹ́, nítorí òkun tóbi. Tiwa yìí, abọ́ ọbẹ̀ lásán ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, ohun kékeré ló lè bà á jẹ́. Bí ó bá kan, àwọn iyùn kò ní lè kọ́ egungun wọn mọ́. Bí ó bá sì ń lọ sókè sódò, ìyẹn gan-an burú ju kíkan lọ, nítorí ohun ẹlẹ́mìí lè fara da ohun tó bá dúró lójú kan.

Mejọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, nítorí náà a ti gbogbo fèrèsé. Kì í ṣe nítorí Mejọ̀ nìkan. Àwọn sójà mìíràn ń wọlé kiri nígbà náà, wọ́n ń wá ẹni tó kó ọjà pamọ́, àti pé ẹrù tí ìjọba ti fi èdìdì dì ni àpótí náà. Bí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ wa, a ò ní lè sọ pé Mejọ̀ ló gbé e wá. Ẹni tí kò bá lè sọ òtítọ́, tí kò sì lè purọ́, kí ni yóò wí? A dákẹ́, a ti ilẹ̀kùn. Màmá mi, tó jẹ́ aránṣọ, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò nídìí fèrèsé, ó ń fi iná fìtílà ránṣọ ní ọ̀sán gangan. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò wọ pálọ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n. Bí òjò bá rọ̀, tí a kò lè dáná ní àjà ẹ̀yìn, sìtóòfù ni à ń tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń jẹ púpurú àti marúgbó, ọbẹ̀ ewé dúdú wa, nínú ooru tí ń mú èèyàn làágùn lórí ìjókòó. Bí iná mànàmáná bá lọ, páǹpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà á dákẹ́, àwa á sì gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe: à ń fi kọ́ọ̀bù bu omi sókè, à ń dà á padà, èmi, màmá mi, bàbá mi, ní ìpín ní ìpín. N kò tíì mọ ìdákẹ́rọ́rọ́ tó le tó èyí tí ilé wa máa ń ní nígbà tí ìró kúlúkúlú yẹn bá dúró.

Màmá Àgbà ní ohun tó kọjá agbára wa, àdúrà ló kù. Ó pe àwọn ìyá aládùúrà ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò béèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ tí a fi bo àpótí náà; Màmá Àgbà ti sọ fún wọn pé ọmọ òun wà lábẹ́ ìdè, ìyẹn sì tó. Wọ́n tan àbẹ́là yí pálọ̀ ká, wọ́n sun tùràrí, wọ́n kọrin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ohùn wọn má baà jáde síta. Mo fẹ́ràn àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn. Òun nìkan ni àkókò tí àyà mi ń balẹ̀. Ara àwọn ìyá náà gbóná, wọ́n pọ̀, mo máa ń jókòó sáàrin wọn, mo ń rò pé sójà kankan kò lè rí mi níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Láàárọ̀ kan, bàbá mi gbọn ìgò rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fìtílà, mo sì rí i pé àwọ̀ àlùkò náà ti ṣá. Ó sun ìkarahun ìgbín títí ó fi funfun, ó lọ̀ ọ́, ó rẹ ẹ́, ó ń kán omi ẹfun tó tòrò lórí rẹ̀ sínú àpótí náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí a bá dà á kíákíá, àá sè wọ́n láìdáná. Ní ọ̀sán, omi á padà sí rere. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, á ti tún kan, ó sì máa ń burú ju ti àná lọ. Ó pààrọ̀ omi díẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì, bákan náà ni. Àwọn iyùn kò yọ ọwọ́ mọ́. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n wà bí òkúta tí èèyàn ń tẹ̀ lójú títì. Ẹja kékeré aláwọ̀ búlúù kan bẹ̀rẹ̀ sí í mí gùdùgùdù lókè omi, ó sì kú. Bàbá mi fi ọwọ́ gbé e jáde. Ó wò ó títí, ó ní kí n tẹ̀ lé òun, a lọ sin ín sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó wa ilẹ̀, ó fi ẹja náà sí i. Ó tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wo òkè ọgbà, ó wo apá ibi tí àwọn ará ilé kejì wà, nítorí ẹja tí kò tó ìka ọwọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti wá di tèmi fúnra mi. Ṣáájú, ẹ̀rù àwọn àgbà ni mo ń yá lò.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìdí rẹ̀ hàn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, pálọ̀ ṣókùnkùn, bàbá mi kò sì lè fi fìtílà dá àwọ̀ ìyeyè mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ àlùkò. Ó bu omi àpótí náà sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ojúmọ́ ti mọ́. Màmá Àgbà wà níbẹ̀ tó ń kó púpurú rẹ̀ kúrò lórí àjà, ó dá a dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀: ó ní kí ó jẹ́ kí á kó lọ sí oko, pé òun ti sá fún sójà rí, òun mọ ọ̀nà oko. Bí ọkàn bàbá mi bá dàrú, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Bó ṣe ń tẹ́tí sí i ló ń da omi náà láti inú kọ́ọ̀bù kan sí èkejì, láti òkè sísàlẹ̀, bí ẹni ń tu ẹ̀kọ mímu gbígbóná. Ó ṣe díẹ̀, ó kán oògùn sí i. Àwọ̀ àlùkò ló mú wá.

Ó rò pé oògùn náà ti bàjẹ́. Ó padà wọlé, ó bu omi mìíràn, ó kán an: ìyeyè. Ó gbé bàsíà méjì, ó bu omi kan náà sí méjèèjì, ó fi ọ̀kan sí pálọ̀, ó fi ìkejì sábẹ́ igi ọsàn, ó ní kí èmi máa rò ó níta, kí màmá mi máa ro ti inú ilé. Ti abẹ́ igi ọsàn padà sí rere. Ti inú ilé kò yí padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo fèrèsé tí a tì, ó ń wo èérún àbẹ́là tó dì mọ́ ilẹ̀, ó ń wo sìtóòfù.

Ó ní, "Èémí wa ni. Èémí tí à ń mí jáde, àti ti àbẹ́là, àti ti sìtóòfù. Kò rí ọ̀nà jáde, inú omi ló ń wọ̀. A ti ara wa mọ́lé pẹ̀lú wọn, a sì ń mí lé wọn lórí."

Màmá Àgbà bá a wọlé. Ó bi í pé, "Ṣé àdúrà mi ló ń pa wọ́n?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. "Kì í ṣe àdúrà, Màmá. Èémí ni. Gbogbo wa la jọ ń mí in, èmi pàápàá wà níbẹ̀."

"Bí a bá ṣí fèrèsé, wọ́n á rí i."

"Bí a kò bá ṣí i, wọ́n á kú, Mejọ̀ á sì dé."

Mo dúró láàrin wọn, mo ń gbọ́ kúlúkúlú àpótí náà, ó dà bí ẹni pé ilé fúnra rẹ̀ ni ó wà lábẹ́ omi. Màmá mi dìde nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó fa ìkọ́ fèrèsé àkọ́kọ́, ó tì í síta. Ó ṣí ìkejì. Ó gé aṣọ tín-ínrín kan tí atẹ́gùn lè gbà kọjá, ó ta á síbẹ̀, ó sì padà jókòó. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń wá ojú abẹ́rẹ́ tí kò rí i. Màmá Àgbà mú agogo rẹ̀ jáde síta. Ní ìrọ̀lẹ́, abẹ́ igi ọsàn ni wọ́n ti gbàdúrà, ní gbangba, níbi tí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lè ti rí wọn. Mo rò pé ó dun Màmá Àgbà pé ibi tí àyà wa ti ń balẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Omi náà dúró. Láàárọ̀, àwọ̀ àlùkò ni. Ní ìrọ̀lẹ́, bákan náà. Àwọn iyùn tún yọ ọwọ́. Àwa ni a kò dúró lójú kan. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá lẹ́bàá fèrèsé, à ń gbọ́ ọ. Bí atẹ́gùn bá gbé aṣọ náà sókè, èmi á sáré lọ dì í mú. Ọmọ ilé kejì wá pè mí fún eré, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ara dí i, mo ní ara mi kò yá. Ìgbà tó sì yẹ kí ẹ̀rù tó wà tẹ́lẹ̀ ti dín kù ni Mejọ̀ dé ní ọ̀sán, láìránṣẹ́ ṣáájú.

Ó ń wo fèrèsé láti ìta. Nígbà tó wọlé, ó béèrè pé, "Ta ló ní kí ẹ ṣí i?"

Màmá mi ní, "Èmi ni, sà."

Mejọ̀ wò ó. Bàbá mi ń ṣàlàyé èémí, ó ń ṣàlàyé omi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ lu ara wọn, ó mú ìgò kékeré náà láti fi hàn án, oògùn sì dà sí i lọ́wọ́. Mejọ̀ kò gbọ́ ọ tán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àpótí náà, ó gbé ojú sún mọ́ dígí, ẹja pupa náà sì jáde wá wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń ka mímí rẹ̀ lára dígí, bó ṣe ń bò ó, bó ṣe ń ṣí. Ìró ọkọ̀ kan dún ní títì, ó yára yí ọrùn, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi kan. Mo jẹ́ ọmọdé, n kò lóye rẹ̀. Nísinsìnyí ni mo mọ̀ pé ọkùnrin náà ń bẹ̀rù ẹnìkan tó wà lókè rẹ̀, bóyá ìyẹn náà sì ń bẹ̀rù ẹlòmíràn, ẹ̀rù náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé orí ẹja. Ó dìde, ó ní, "Ọ̀la ni mà á gbé e. Ìwọ ni yóò bá a lọ. Bí wọ́n bá dé Èkó láàyè, a ti parí."

Kò sọ bí yóò ti rí bí wọn kò bá dé láàyè.

Ní ìdájí, a da omi sínú kẹ́ẹ̀gì, a kó iyùn àti ẹja sínú bàsíà, a fi aṣọ tútù bò wọ́n. Wọ́n gbé àpótí dígí náà sọ́kọ̀ ní òfìfo. Bàbá mi gòkè sẹ́yìn ọkọ̀, ó jókòó sáàrin àwọn bàsíà, ó fi ẹsẹ̀ di ọ̀kan mú, ó fi ọwọ́ di èkejì mú. Màmá Àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí láti ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o dáadáa. Mọ́tò Mejọ̀ ṣíwájú, ọkọ̀ ńlá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ilé wa dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì tóbi ju pálọ̀ lọ. Màmá mi tan rédíò láti fi lé e. Orin àwọn ológun ló ń dún. Ó yí i lọ sí ibòmíràn, orin kan náà ni. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan wá, tó ní ìjọba ti yí padà, pé kí oníkálukú fara balẹ̀. Màmá mi já òwú tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ó so gèlè mọ́ ìdí, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

Oríta Ọ̀rẹ̀ tí kì í dákẹ́ ti dákẹ́. Àwọn tó ń ta oúnjẹ ti bo ìkòkò, wọ́n ń ti ìsọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kan sọ fún màmá mi pé àwọn sójà tuntun wà ní ọ̀nà Èkó, pé wọ́n ti mú Mejọ̀, wọ́n sì ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá mi béèrè nípa bàbá mi. Ọkùnrin náà kàn mi orí, kò mọ̀. A ń rìn lẹ́bàá títì, màmá mi ń sọ orúkọ Jésù lábẹ́ èémí ní gbogbo ìgbà tí a bá kọjá lára nǹkan tó dùbúlẹ̀ nínú koríko, títí a ó fi rí i pé àpò ni, tàbí táyà. Lẹ́yìn náà la rí bàbá mi. Ó lóṣòó sẹ́bàá ọ̀nà nínú oòrùn, àwọn bàsíà yí i ká, kẹ́ẹ̀gì kan ti fọ́. Ọkọ̀ ti lọ, dígí ti bá a lọ. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi sókè, ó ń dà á padà, láti bàsíà kan bọ́ sí èkejì. Ó ṣeé ṣe fún un láti fi wọ́n sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti mú Mejọ̀. Kò sẹ́ni tó dì í mú.

Màmá mi ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Kí ó tó dáhùn, sójà kan ti ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n gbé igi dí títì, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ó ń wo àwọn bàsíà. Èmi fi ojú pamọ́ sí ìdí màmá mi, mo ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó fi èdè pijin béèrè ẹni tó ni ẹrù náà. Ohun gbogbo tó jẹ́ ti Mejọ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá sì jẹ́ ti Mejọ̀, wọ́n ń kó o mọ́ ọn. Gbólóhùn tí bàbá mi ti ń sọ láti ìgbà tí àpótí náà ti wọ ilé wa ni pé ti ọ̀gá ni, ti ọ̀gá ni. Ó dìde dúró, omi ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀.

Ó ní, "Tèmi ni."

Sójà náà fi ẹnu ìbọn gbé aṣọ tútù orí bàsíà kan sókè. Ó wo inú rẹ̀, ó wo bàbá mi. N kò mọ ohun tó rò pé òun rí: òkúta, àti ẹja kan. Ó ní kí ó kó wọn kúrò lójú ọ̀nà, ó sì yí padà.

A ká gèlè màmá mi ṣe òṣùká. Màmá mi ru bàsíà tó tóbi jù, bàbá mi ru ọ̀kan, ó fi ọwọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì tó kù, wọ́n gbé ẹja pupa lé mi lórí nínú bàsíà tó kéré jù. Gbogbo ilẹ̀kùn ló tì ní ojú ọ̀nà, mo sì mọ̀ pé ojú wà lẹ́yìn wọn. Omi iyọ̀ ń dà sí mi lójú, n kò lè nù ún. Nígbà tí a dé ilé, a kò ní dígí mọ́. Màmá Àgbà lọ yí omi dànù nínú àmù rẹ̀, ìkòkò ńlá tó ń lò fún omi mímu, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ó ní kí wọ́n kó wọn síbẹ̀. Àwọn iyùn kan kú ní ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn kan yè, ẹja pupa náà sì yè, ó rí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Òdìgbó. Nígbà tí oògùn inú ìgò rẹ̀ tán, tí kò sì sí ibi tí a ti lè rí òmíràn rà, ó ń fi ojú wo àwọn iyùn náà láàárọ̀ láti mọ bí omi ṣe rí. A kò gbọ́ nípa Mejọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí màmá mi tó lè gbọ́ ìró mọ́tò tó dúró sí iwájú ilé kó má dìde.

Mo ti dàgbà, mo ti ní ọmọ, kí n tó bi bàbá mi léèrè ohun tó mú un sọ pé tòun ni. Mo ń retí ọ̀rọ̀ ìgboyà kan. Ó rò ó títí, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ pé ti Mejọ̀ ni. Ẹ̀rù sì ń bà mí láti sọ pé n kò mọ̀ wọ́n rí. Èyí tó ṣẹ́ kù ni mo sọ."